Ọmọ Afunkàkàkí Wọlé Ìyá Shaldhari

Ẹ má ṣe bá Lajwanti kẹ́dùn o. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá ka ọ̀rọ̀ òun tán tó wá ń ṣe "pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́," a jẹ́ pé onítọ̀hún kò gbọ́ ohun tí òun wí.

Orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí obìnrin onítìjú. Òbí a máa sọ ọmọ lórúkọ, ọmọ a sì máa ṣe bó ti wù ú.

Awakọ̀ ni. Àwọn àlejò láti ìlú ńlá ló ń gbé kiri àfonífojì Kullu. Yóò gba ẹ̀gbẹ́ odò Beas, yóò kọjá Banjar, yóò gun òkè Jalori, títí dé àwọn pápá oko tútù àti àwọn tẹ́ńpìlì onígi tó wà lókè lọ́hùn-ún. Obìnrin awakọ̀ kò pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Bí àwọn ọkùnrin bá pàdé rẹ̀ níbi kọ́nà tóóró, wọ́n á yọ orí síta.

"Àǹtí, ṣé kí n wá bá ẹ yí i?"

"Lọ bá ìyàwó ẹ fọ abọ́!" Lajwanti á ti kọjá lọ.

Sobha Ram ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́. Afunkàkàkí òrìṣà ni, ní abúlé kan lẹ́yìn òkè kejì. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé òrìṣà abúlé náà jáde, Sobha Ram ló ń ṣíwájú. Bí kò bá fun kàkàkí, òrìṣà kò gbọdọ̀ kúrò nílé. Síbẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí bàbá yìí títí irun rẹ̀ fi funfun, kò fi ẹsẹ̀ kan inú tẹ́ńpìlì rí. Ìran afunkàkàkí, ìran aránbàtà, ìran alágbẹ̀dẹ, ìta ni wọ́n fi wọ́n sí. Àwọn ìran Thakur, àwọn onílẹ̀, ni wọ́n ń wọlé. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn bá a.

Lọ́jọ́ tí Lajwanti lọ wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Mahender, tó ń fi ọkọ̀ kó àlejò ní Kullu, ìbéèrè kan ṣoṣo ló le.

"Lajwanti kí ni?"

Orúkọ ìdílé ni ọ̀gá ń bèèrè. Níbẹ̀, orúkọ ìdílé ni wọ́n fi ń mọ ife tí wọn yóò bu omi sí fún ọ. Lajwanti mọ ọmọkùnrin kan láti abúlé wọn tó wá síbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, tó sọ orúkọ tirẹ̀ gan-an. Wọ́n ní iṣẹ́ ti tán. Iṣẹ́ kò sì tán, nítorí ọkọ̀ funfun náà ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀ tí kò ní awakọ̀, ó ń dán nínú oòrùn.

"Thakur," ni Lajwanti dáhùn.

"Thakur ti ibo?"

"Ti ẹ̀yìn òkè, sà."

"Ó dáa. Gba kọ́kọ́rọ́."

Ọ̀rọ̀ kan péré. Kò tilẹ̀ korò lẹ́nu.

Iṣẹ́ lọ dáadáa. Awakọ̀ kì í bá àlejò wọ tẹ́ńpìlì, ìdí ọkọ̀ ló ń dúró sí, torí náà kò sẹ́ni tó ní ìdí láti wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Àfìgbà tí ó gbé màmá arúgbó kan láti Pune, Màmá Kulkarni, lọ sí Shaldhar.

Pápá lásán pẹ̀lú abúlé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Shaldhar, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá dé ibẹ̀ nígbà tí òdòdó bá yọ, á fẹ́ bọ́ bàtà. Koríko tẹ́ lọ bí ẹní, igi kédárì yí i ká, yìnyín sì wà lórí àwọn òkè tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Lókè pápá náà ni tẹ́ńpìlì Ìyá Shaldhari wà. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí olówó àti tálákà gbọ́dọ̀ tẹ̀ kọdọrọ kí wọ́n tó wọlé. Òkúta pẹrẹsẹ kan ló wà níwájú ẹnu ọ̀nà náà. Ibi tí ìran Lajwanti ń dúró sí nìyẹn.

Orúnkún Màmá Kulkarni kò dára. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì wà nínú pápá, ó ń ya fọ́tò màlúù.

"Ọmọ mi, fún mi lọ́wọ́, ká jọ wọlé."

"Màmá, àwa awakọ̀, ìdí ọkọ̀ ni tiwa."

"Ṣé ọkọ̀ á sá lọ ni? Wá, jàre. Tí mo bá ṣubú, ìwọ lo máa gbé mi délé."

Lajwanti wo òkúta yẹn. Láti kékeré ló ti ń bá ìyá rẹ̀ jókòó síta tẹ́ńpìlì abúlé wọn, tí wọ́n ń gbọ́ agogo tí ń dún nínú lọ́hùn-ún, tí wọn kò mọ irú ojú tí ẹni tí wọ́n ń lù ú fún ní. Wọ́n sì ní ẹ̀gbọ́n òrìṣà abúlé wọn ni Ìyá Shaldhari yìí. Lajwanti lè yí padà. Ó lè ní inú ń run òun. Kò sẹ́ni tó tì í.

Ó di ọwọ́ màmá mú, ó di ojú, ó sì wọlé.

Ààrá kò sán. Ilẹ̀ kò la ẹnu. Nígbà tó la ojú, òkúta dúdú kékeré kan ló rí, tí wọ́n fi fàdákà ṣe ojú méjì sí, pẹ̀lú òdòdó tó ti rọ àti èéfín. Àlùfáà fi àmì pupa sí i níwájú orí, ó bu oúnjẹ ìbùkún dídùn sí i lọ́wọ́. Ó dùn ún lẹ́nu, ó sì dùn ún lọ́kàn. Ṣé ohun tí wọ́n fi ń dún mọ̀huru-mọ̀huru mọ́ bàbá òun nìyí?

Ẹnu tó bá ti tọ́ oyin wò kì í fẹ́ jẹ ẹ̀wà lásán mọ́. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, kò sí àlejò tí Lajwanti gbé dé Shaldhar tí kò bá wọlé. Ó ń bá wọn di aṣọ borí, ó ń sọ bí wọ́n ṣe ń yí tẹ́ńpìlì po àti ibi tí wọ́n ń kúnlẹ̀ sí. Àwọn àlejò wá ń pe Ọ̀gá Mahender láti ọ̀nà jíjìn: "Obìnrin awakọ̀ yẹn la fẹ́ o."

Ibi iṣẹ́ yìí náà ni òun àti Khemraj ti pàdé. Awakọ̀ ni òun pẹ̀lú, ọmọ Thakur tòótọ́ láti Shaldhar níbẹ̀, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ, tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ tu obìnrin lójú. Nígbà tí ó sọ pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ, Lajwanti rí i pé irọ́ tí a pa fún ọ̀gá yàtọ̀ sí irọ́ tí a ó gbé sùn. Ní orí òkè Jalori, ní ṣọ́ọ̀bù tíì kan báyìí, ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀.

"Khemraj, èmi kì í ṣe Thakur. Ọmọ afunkàkàkí ni mí."

Khemraj kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà wọlé. Ó wo ọ̀nà, ó wo òkè. Lẹ́yìn náà ló já nínú síddù tó wà níwájú wọn, búrẹ́dì tí wọ́n ń fi ooru omi sè níbẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ bọnú bọ́tà yíyọ́, ó fi í sí Lajwanti lẹ́nu, ó sì jẹ èyí tó kù. Ó gbé ife tíì tí Lajwanti mu kù, ó dà á sí ọ̀fun.

"Ṣé mo kú?"

"O ò kú."

"Ó parí. Wàá wulẹ̀ máa fi kàkàkí jí mi láàárọ̀ ni."

Ọjọ́ náà ni Lajwanti gbà pé òun ti rí ọkọ.

"Màmá rẹ ńkọ́?"

"Jẹ́ kí n wá ìgbà tí inú wọn bá dùn."

Ìgbà tí inú màmá máa dùn kò dé. Òjò yìnyín ló dé, ní kété tí igi ápù tanná. Ó bọ́ bí ẹni ń da òkúta, ó gbọn gbogbo òdòdó sílẹ̀, àwọn àgbà ọkùnrin jókòó sínú oko wọn, wọ́n ń sunkún. Ohun tí ìdílé yóò jẹ títí ọdún yípo ló wà nílẹ̀ yẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́, òrìṣà gun elégùn Ìyá Shaldhari. Ó mì, ó tú irun rẹ̀ sílẹ̀, ó ní: "Ẹsẹ̀ kan tí kò yẹ ti kọjá òkúta mi!"

Ìròyìn náà bá Lajwanti ní Banjar, tíì sì dànù sí i lára. Ó pe ìyá rẹ̀.

"Màmá, ṣé òjò yìnyín rọ̀ lọ́dún tí ẹ bí mi?"

"Ó rọ̀. Ó rọ̀ lọ́dún tí mo wọlé ọkọ náà, ó pa àgùntàn. Ìgbà wo ni kì í rọ̀? Kí ló dé?"

"Kò sí, mà."

"Lajo, kí lo ṣe?"

Ó pa fóònù.

Ó lọ bá Khemraj. "Mi ò dé inú ibẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Tó o bá dá dúró lójijì, wọ́n á fura. Fọkàn balẹ̀. Ta ló mọ̀ yàtọ̀ sí èmi?"

Ohun tí Khemraj kò sọ ni pé ìyá òun náà ti mọ̀. Ratto Devi ti ń dà á láàmú pé kó mú ìyàwó wálé, pé ọmọ báyìí-báyìí ń bẹ tí àwọn ti bá a wò. Nígbà tó sú u, ó jẹ́wọ́ irú ẹni tí òun fẹ́. Ó bẹ̀ ẹ́: "Màmá, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o."

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún?" ni Ratto Devi wí. Ó wé gèlè, ó bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Ẹ̀gbọ́n yìí, Jogindar Thakur, sì ni alábòójútó tẹ́ńpìlì.

Wọn kò pariwo. Wọ́n dúró de ọjọ́ ọdún Ìyá Shaldhari nínú pápá, nígbà tí gbogbo ènìyàn á ti pé.

Lọ́jọ́ náà, Lajwanti gbé àwọn tíṣà mẹ́ta wá láti Kolkata. Màmá Ghoshal ni àgbà wọn, Paromita ló sì kéré jù. Gbogbo Shaldhar ló ń dán yinrin nínú aṣọ ọdún. Khemraj náà ti gbé àlejò tirẹ̀ dé, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Lajwanti rẹ́rìn-ín sí i. Khemraj wo ilẹ̀.

Bí Lajwanti àti àwọn àlejò rẹ̀ ṣe dé ibi òkúta, Jogindar na ọ̀pá dínà.

"Àwọn àlejò máa kọjá. Ìwọ, dúró. Ọmọ ta ni ọ́?"

Ariwo ọdún rọlẹ̀. Ẹni tó ń ta bálùùn pàápàá gbé ẹnu kúrò.

"Awakọ̀ ni mí, bàbá."

"Mi ò bi ọ́ léèrè iṣẹ́. Mo ní ọmọ ta ni ọ́?"

Lajwanti wo ẹ̀yìn. Ọkọ̀ rẹ̀ kò jìnnà. Bó bá sáré, á dé ibẹ̀ kí wọ́n tó mú un. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbéra.

Jogindar yí ojú sí ọmọ àbúrò rẹ̀. "Khemraj! Wọ́n ní ìwọ lo mú obìnrin yìí sún mọ́ wa. Ṣé o mọ ìran tó ti wá?"

Ratto Devi di ọmọ rẹ̀ lápá mú. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀.

"Èmi?" ni Khemraj wí. "Èmi ò mọ nǹkan kan. Thakur ló pe ara rẹ̀ fún mi."

Lajwanti sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ yẹn ló gba òun là. Ẹ̀rù tó wà lára òun bọ́ sílẹ̀ bí aṣọ tí okùn rẹ̀ já. Ẹsẹ̀ tó fẹ́ sáré padà wálẹ̀, ó dúró ṣinṣin.

"Ẹ bi mí léèrè, bàbá," ló wí. "Ẹ fi ọmọ yín sílẹ̀. Lajwanti ni mí, ọmọ Sobha Ram afunkàkàkí. Mo wọ inú ibẹ̀ yẹn. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Mo kúnlẹ̀, mo gbàdúrà, mo jẹ oúnjẹ ìbùkún, ó dùn."

Àwọn obìnrin kígbe. Ẹnì kan ní, "Òun ló fa yìnyín! Òun ló jẹ ápù wa!"

"Yìnyín ti ń bọ́ kí wọ́n tó bí ìyá mi! Ẹ jẹ́ kí n parí." Ó nàka. "Khemraj, ta ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi síddù sí mi lẹ́nu ní Jalori? Ta ló jẹ èyí tó kù? Ta ló mu tíì tí mo mu kù, tó ní, 'Ṣé mo kú?'"

Khemraj kò lè gbé ojú sókè. Kò sẹ́ni tí kò rí i pé òótọ́ ni.

"Bí ara mi bá jẹ́ àbàwọ́n," ni Lajwanti ń bá a lọ, "ó ti jẹ ẹ́ yó. Ó gbé e relé. Inú abọ́ ìyá rẹ̀ ló ń fọwọ́ sí. Bàbá Jogindar, àná yìí ńkọ́, ṣé ẹ ò bá a jẹun? Ọwọ́ tẹ́ ẹ fi jẹ ẹ́ náà lẹ fi di ọ̀pá òrìṣà mú yẹn. Ẹ jáde kúrò lórí òkúta náà, ká jọ dúró síta!"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín láàárín èrò, ó tètè fọwọ́ bo ẹnu. Ratto Devi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè, ó ń ju koríko.

Fóònù Lajwanti dún. Ọ̀gá Mahender ni. Ọ̀rọ̀ ti dé Kullu kí ó tó parí ní Shaldhar.

"Gbé kọ́kọ́rọ́ fún Khemraj. Kí ó kó àwọn àlejò náà bọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ gbé e lé mi lọ́wọ́, sà. Ẹ̀yin ni n óò dá a padà fún."

Ó kọjú sí àwọn àlejò rẹ̀. Màmá Ghoshal ń tún àpò rẹ̀ tò. "Ọmọ mi, ìsinmi la wá lò. A ò mọ ọ̀rọ̀ yín níhìn-ín." Òun àti ẹnì kejì rẹ̀ lọ jókòó sínú ọkọ̀ Khemraj. Lajwanti kò bá wọn jà. Paromita ló ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ funfun, ó jókòó níwájú.

"O ò bá wọn lọ?"

"Ọkọ̀ tó gbé mi wá nìyí," ni Paromita wí. "Tọ̀hún tún ń rùn sìgá."

Lajwanti wa ọkọ̀ dé kọ́nà àkọ́kọ́. Ó pa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó lọgun sínú àfonífojì, igbe gbọọrọ kan, títí ọ̀fun rẹ̀ fi ha. Ó nu ojú, ó sì wa ọkọ̀ lọ.

Ọ̀gá Mahender ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"O parọ́ fún mi."

"Òótọ́ ni, sà. Bí mo bá sọ òtítọ́, ṣé ẹ̀ bá gbà mí?"

Ọ̀gá wo àwọn ọkọ̀ rẹ̀. "Kọ́kọ́rọ́," ló wí.

Ó gbé e fún un.

Ẹ gbọ́ mi o, ẹ̀yin òǹkàwé. Irọ́ yìí nìkan ni Lajwanti ní òun ṣe tí kò dára. Kò kábàámọ̀ pé òun wọlé Ìyá Shaldhari. Ohun tó ń dùn ún ni pé nígbà tí òun wọlé, orúkọ ẹlòmíràn ni òun gbé wọ ibẹ̀, tí òun fi Sobha Ram sílẹ̀ síta.

Nígbà tó délé, ẹ̀rù bàbá rẹ̀ ló bà á ju ti gbogbo Shaldhar lọ. Bàbá jẹ́ kí wọ́n jẹun tán. Ó ní kí ìyá Lajwanti lọ wo màlúù. Lẹ́yìn náà ló sún mọ́ ọmọ rẹ̀.

"Báwo ni inú ibẹ̀ ṣe rí?"

"Bàbá?"

"Mo ní inú ibẹ̀. Báwo ló ṣe rí?"

"Ó kéré, Bàbá. Ó ṣókùnkùn. Èéfín pọ̀ níbẹ̀, àjà rẹ̀ sì ń jò."

"Ó ń jò?"

"Wọ́n gbé garawa sí i lábẹ́."

Sobha Ram bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, títí omi fi dà lójú rẹ̀, Lajwanti kò sì mọ ìgbà tí ẹ̀rín náà di ẹkún.

Ní òwúrọ̀, bàbá fúnra rẹ̀ ló sìn ín lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Òfin orílẹ̀-èdè wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni ti ènìyàn mọ́ta tẹ́ńpìlì nítorí ìran rẹ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní, "Àǹtí, ẹ lọ parí ẹ̀ nílé."

"Ìta ni wọ́n ti bú mi, sà. Ìta náà la ó ti parí ẹ̀."

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan níbẹ̀ títí wọ́n fi gba ẹ̀sùn wọn.

Àwọn àgbà Shaldhar wá bẹ Sobha Ram. Wọ́n ní kí ọmọ rẹ̀ kàn fi ewúrẹ́ kan ṣètùtù, kó ní òun jẹ̀bi, kó fa ẹ̀sùn padà, ọ̀rọ̀ á tán. Lajwanti ló jáde dá wọn lóhùn.

"Ewúrẹ́ kò ṣẹ̀ mí."

Ẹjọ́ náà ṣì wà ní kóòtù. Wọ́n ń sún un síwájú. Àwọn ilé kan ní abúlé wọn kò kí wọn mọ́, pẹ̀lú àwọn tí ìran wọn jẹ́ ọ̀kan náà, tí wọ́n ní ó fẹ́ fi ìjàngbọ̀n kan gbogbo ènìyàn. Kò rọrùn. N kò ní parọ́ fún yín pé ó rọrùn.

Ṣùgbọ́n ó tún ń wakọ̀. Opó kan láti Lahaul, Yangzom, tó ní ọkọ̀ kan ní Aut, ló gbà á. Lajwanti ti múra láti sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Mo ti gbọ́," ni Yangzom wí. "Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé o kì í tẹ bírékì pa nígbà tó o bá ń sọ̀ kalẹ̀?"

Níbẹ̀, ní Aut, ni Khemraj ti wá bá a. Ó ti rù. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó ń fi ìka kọ nǹkan sórí eruku ara rẹ̀.

"Lajo, jẹ́ kí n sọ̀rọ̀."

"Sọ ọ́. Àwọn àlejò mi ń bọ̀."

"Ẹ̀rù ìyá mi ló bà mí. Ìwọ náà mọ̀ wọ́n. Gbogbo ayé ló ń wò mí."

"Èmi náà ni wọ́n ń wò."

Khemraj gbé itọ́ mì. "Mo ti rí iṣẹ́ ní Chandigarh. Jẹ́ ká lọ. A ó ṣe ìgbéyàwó ní kóòtù, a ó gba yàrá kan. Kò sẹ́ni tó máa bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Lajo, kò sẹ́ni tó mọ̀ wá níbẹ̀."

N kò ní sọ pé ọkàn rẹ̀ kò mì. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà rí. Ó wò ó, ó wo ọrùn rẹ̀ tó ti di tín-ín-rín, ó sì wo ojú ọ̀nà tí àwọn àlejò rẹ̀ ti ń bọ̀ pẹ̀lú ẹrù.

Ó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, ó jókòó sídìí stíárìn.

"Máa lọ, Khemraj," ló wí. "Èmi fẹ́ kí wọ́n mọ̀ mí."